Ẹni tó mọ gaàrí Ìjẹ̀bú mu ò ní ṣìnà nídìí Riesling

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, ilé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde ti kún bámúbámú láti àárọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojúde dé, agbádá ṣì wà lọ́rùn, òógùn ń bọ́ lójú. Àǹtí mi tó ń gbé ní Jámánì lọ sídìí fíríjì, ó fa ìgò kan jáde, ìgò gíga tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní torí ọjọ́ yẹn gan-an lòun ṣe gbé e wá. Bàbá wa kan ló kọ́kọ́ bù fún torí àwọn ló dàgbà jù níbẹ̀. Bàbá fi kan ẹnu, ojú wọn fún pọ̀, wọ́n rọra gbé gíláàsì sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun o, ṣùgbọ́n nǹkan yìí ti kan. Ìrìnàjò ti bà á jẹ́." Kí n tó yíjú wo Àǹtí mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ti da yìnyín àti mínírà lé ìyókù lórí, ó ń pín in kiri.

Ó dùn mí dọ́kàn. Wáìnì Jámánì tí wọ́n ń pè ní Riesling ni, irú èyí tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ká àjàrà ẹ̀, kò bà jẹ́ rárá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹni tó ṣe é ti forí ṣe fọrùn ṣe kí kíkan yẹn má bàa sá kúrò nínú ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, mo wá ní kí n kúkú kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò sílẹ̀ lódidi.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé nínú Riesling tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ká, kíkan lògiri tí dídùn fẹ̀yìn tì. Àwa n'Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ò sì yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa nírú ẹ̀. Kí ló ń mú àwọn èèyàn wá láti Èkó wá ra gaàrí wa? Ṣebí torí pé ó kan ni, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ yẹn pẹ́ nínú àpò, ọjọ́ mélòó kan, kó kan dénú kí wọ́n tó yan án gbẹ. Ẹ bu gaàrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, ẹ da omi tútù sí i, ẹ ṣan ìdọ̀tí orí ẹ̀ dànù, ẹ fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí i. Ṣíbí àkọ́kọ́, ṣúgà ló máa kọ́kọ́ dé ẹnu, kó tó pẹ́ kíkan á yọ lábẹ́ ẹ̀, á gbá ẹnu mọ́ féfé, itọ́ á sun, ọwọ́ á tún padà sínú abọ́. Ẹ wá fi gaàrí tí ò kan rárá ṣe irú ẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà kan náà, ṣíbí mẹ́ta péré á ti sú yín. Eré tí ṣúgà àti kíkan ń bára wọn ṣe nínú abọ́ yẹn, òun náà lẹ̀ ń lọ wá nínú gíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìgò ná. Riesling (Rísìlìn lẹ máa pè é, kì í ṣe Ráìsìlìn) jẹ́ irú àjàrà funfun kan, Jámánì nilé ẹ̀, àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí wọ́n rí orúkọ ẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1435, ìwé ìnáwó ìjòyè kan ní Rüsselsheim ni. Lẹ́bàá odò Mosel, orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún òkúta pẹlẹbẹ dúdú ni wọ́n ń gbìn ín sí, òkúta yẹn á fa oòrùn mu lọ́sàn-án, á máa tú ooru ẹ̀ sílẹ̀ fún igi àjàrà lálẹ́. Ìlú òtútù ni, àjàrà yẹn kì í tètè pọ́n, bó ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ṣúgà ń wọ inú ẹ̀, ṣùgbọ́n torí òtútù ilẹ̀ yẹn ásíìdì inú ẹ̀ ò ráyè sá lọ bó ṣe máa ń sá lọ níbi tóoru bá wà. Tí wọ́n bá wá fi í sórí igi kọjá ìgbà tó yẹ kí wọ́n ká a, ṣúgà á pọ̀ gan, kíkan á ṣì wà níbẹ̀ gbọingbọin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí méjèèjì kó pọ̀.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Schloss Johannisberg, ọgbà àjàrà kan lágbègbè Rheingau ní Jámánì. Wọ́n ní lọ́dún 1775, àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ ń dúró de ìránṣẹ́ tó máa gba àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ olórí wọn ní ìlú Fulda kí wọ́n tó lè ká àjàrà, ìránṣẹ́ pẹ́ lọ́nà, ó pẹ́ títí àjàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun, tó ń súnkì lórí igi. Nígbà tó dé wọ́n ṣáà ká a bẹ́ẹ̀, wáìnì tó tibẹ̀ jáde dùn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe rí lọ. Ère ìránṣẹ́ yẹn lórí ẹṣin wà níbẹ̀ títí dòní. Ìbàjẹ́ tó hu irun yẹn lórúkọ, Botrytis ni wọ́n ń pè é, tójú ọjọ́ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ẹ̀, ńṣe ló máa ń fa omi inú èso jáde, tí ṣúgà, ásíìdì àti òórùn dídùn á wá ki sínú ìwọ̀nba tó kù. Kì í ṣe gbogbo Riesling tí wọ́n ká pẹ́ ló ní in o, èyí tó bá ní in á máa ta sánsán bí oyin àti atalẹ̀.

Ibi tí wáìnì yìí ti yàtọ̀ sí àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ṣúgà inú ẹ̀ ò tán. Ẹ wo ẹmu. Ẹmu tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ dùn, títí ìrọ̀lẹ́ ó ti kan, ó sì ti lágbára, torí ìwúkàrà inú ẹ̀ ti jẹ ṣúgà, ó ti sọ ọ́ di ọtí. Ẹni tó ń ṣe Riesling dídùn ò jẹ́ kó dé ìrọ̀lẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá mú ẹmu ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó sọ fún un pé dúró síbẹ̀, òtútù ni wọ́n máa fi dá a dúró, wọ́n á sì sẹ́ ìwúkàrà kúrò. Torí ẹ̀ ni ọtí inú ẹ̀ ò fi le, ọ̀pọ̀ ìgbà ìdá 7 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni, nígbà tí wáìnì tí ò dùn máa ń tó 12 tàbí 13.

Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn torí òun ló máa gbà yín lọ́jà. Lórí lébẹ́ẹ̀lì Jámánì, Spätlese túmọ̀ sí kíkápẹ́, Auslese jẹ́ èyí tí wọ́n ṣa èso tó pọ́n jù jọ, Beerenauslese àti Trockenbeerenauslese tún ga ju ìyẹn lọ, ìgò kékeré ni wọ́n sábà máa ń rọ wọ́n sí, owó wọn sì wọ́n gan. Ṣùgbọ́n bí èso ṣe pọ́n tó lọ́jọ́ tí wọ́n ká a ni orúkọ yẹn ń sọ, kì í sọ bí ṣúgà tó kù nínú ìgò ṣe pọ̀ tó. Ẹ lè rí Spätlese tí wọ́n kọ "trocken" sí lára, trocken ni pé ó gbẹ, kò dùn, ẹni tó bá gbé e délé torí Spätlese tó rí níwájú á kan rí ọ̀tọ̀. Tọ́rọ̀ bá ti dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wo nọ́ńbà ọtí, tó bá jẹ́ 8, dídùn ni, tó bá jẹ́ 12 sókè, ẹ má retí ṣúgà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti South Africa, tó pọ̀ lọ́jà wa, "Late Harvest" tàbí "Noble Late Harvest" lẹ máa rí, ẹ yẹ orúkọ àjàrà wò lára ẹ̀ o, torí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe Riesling, kódà èyí tí wọ́n ń pè ní Cape Riesling àjàrà ọ̀tọ̀ ni. Orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́, wọn ò bára wọn tan.

Nísinsìnyí, kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò owó ńlá, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́ ahọ́n yín. Èyí ni mo máa ń ṣe fún ẹni tó bá wá sílé mi, kì í gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì wúlò ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ wá kọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ bu omi tútù tó dọ́gba sínú wọn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú méjì, ṣíbí ìjẹun méjìméjì, sínú ẹ̀kẹta ẹ fi ṣúgà nìkan sí i, ṣíbí tíì méjì. Ẹ tún mú ọ̀kan nínú àwọn tó ní ọsàn, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì méjì sóun náà. Ẹ tọ́ oníṣúgà wò, ẹ máa rí i pé ó dùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹ tọ́ ọlọ́sàn nìkan wò, ojú á fún pọ̀. Ẹ wá tọ́ èyí tó ní méjèèjì wò. Ìwọ̀n ọsàn inú ẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò dín rárá, ṣùgbọ́n ahọ́n yín á máa sọ pé kò kan tó yẹn mọ́, ṣúgà ti bo ojú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkan ṣe gé ṣúgà kù, kò dùn tó ti kọ́ọ̀bù oníṣúgà mọ́.

Ẹ wá gbé e mì, ẹ tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ẹ ya ẹnu díẹ̀, ẹ dúró. Itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sun lábẹ́ ahọ́n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣúgà lè tan ahọ́n jẹ, itọ́ ò ṣeé tàn jẹ. Bí itọ́ ṣe pọ̀ tó lẹ máa fi mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó, bó ti wù kí ṣúgà pọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú kọ́ọ̀bù oníṣúgà nìkan kẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀, itọ́ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sun. Tó bá jẹ́ àsìkò àgbálùmọ̀, láti bí oṣù December lọ, ẹ mú èyí tó pọ́n dáadáa dípò kọ́ọ̀bù tó ní ọsàn àti ṣúgà, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu kẹ́ ẹ tó tọ́ wáìnì wò. Obì àti orógbó, mo mọ̀ pé ó le láti sọ ọ́ fún ará Rẹ́mọ pé kó má jẹ obì nígbà tálejò bá dé, ṣùgbọ́n kíkorò yẹn máa ń pẹ́ lẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Ọṣẹ ìfọyín náà, ẹ fún un ní wákàtí kan ó kéré tán. Èyí tó burú jù ni àgbáyun. Àgbáyun á sọ gbogbo ohun tó bá kan di dídùn, ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá á dùn bí oyin, ó sì lè wà lẹ́nu bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kó tó mu Riesling kò lè mọ nǹkan kan nípa kíkan inú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fín sẹ́ǹtì púpọ̀, ẹ má sì jókòó síbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ títutù: kó tutù bíi dígíríì 8 sí 10 ló dáa. Tí iná bá wà, ẹ fi í sínú fíríjì fún wákàtí mẹ́ta, ẹ gbé e síta ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó bù ú, torí ooru tiwa, á tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí iná ò bá sí, ẹ wá kúlà tàbí báàfù, ẹ da yìnyín àti omi sí i ní dọ́gbandọ́gba kí ó dé ọrùn ìgò, ìṣẹ́jú ogún sí márùndínlọ́gbọ̀n, ó ti ṣe tán. Omi yẹn ṣe pàtàkì, yìnyín nìkan ò lè dì mọ́ ìgò bí omi ṣe máa dì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yìnyín sínú gíláàsì, yìnyín á yọ́, á là á lómi, ṣúgà á dín, kíkan á dín, kò ní sí nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Gíláàsì tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì kóra jọ lókè díẹ̀ ló dáa, kó lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi mú un, kí ọwọ́ má bàa mú un gbóná. Ẹ má bù ú kún, ìdá kan nínú mẹ́ta gíláàsì náà ti tó, ó yẹ kí ààyè ṣẹ́ kù tí òórùn á máa gbé.

Wíwo ò gba àkókò. Ẹ gbé e sókè sí ohun funfun. Tí ò bá tíì pẹ́, á mọ́ roro bí omi tó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tó bá ti pẹ́, á máa lọ sí àwọ̀ wúrà. Nǹkan kan tẹ́ ẹ lè rí nísàlẹ̀ ìgò ni hóró kéékèèké tó ń dán bí ìgbà tí gíláàsì bá fọ́ tàbí bíi ṣúgà oníhóró. Ẹ má dà á nù. Kì í ṣe gíláàsì, kì í sì ṣe ṣúgà, ásíìdì inú àjàrà fúnra ẹ̀ ló dì nígbà tí òtútù mú un, kò lè ṣèèyàn ní nǹkan kan. Ẹ rọra bù ú kí hóró náà dúró sísàlẹ̀. Mo mọ ẹnìkan tó da odindi ìgò sí gọ́tà torí ẹ̀, inú mi ò dùn sí i títí dòní.

Ẹ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ẹ má mì ín, ẹ kan gbé imú sétí gíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ gbé gíláàsì sórí tábìlì, ẹ yí i yípo yípo ní pẹ̀lẹ́, ẹ tún gbóòórùn. Àwọn ará Jámánì á máa dárúkọ èso tí ò sí lọ́jà Òkè Àjé, ẹ ò nílò ìyẹn, ẹ pe ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Nínú èyí tí ò pẹ́, mo máa ń rí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ téèyàn fi èékánná ha, ápù tútù, ọ̀pẹ òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Nínú èyí tí wọ́n ká pẹ́ dáadáa, máńgòrò tó ti rọ̀, oyin, nígbà mí-ìn atalẹ̀. Tó bá ti lo ọdún mélòó kan nínú ìgò, ẹ lè gbóòórùn tó jọ kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù. Ẹ má bẹ̀rù o. Ohun kan ló ń jẹ́ TDN, inú àjàrà ló ti wá, Riesling ló ní in jù, bó ṣe ń dàgbà ló ń yọ, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ gan. Òórùn tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni ti páálí tó rin tó sì hu, tàbí ti ọtí kíkan ìsebẹ̀ tó ń ta nímú, ìyẹn ló ti bà jẹ́ lóòótọ́.

Ó wá kan ẹnu. Ẹnu ẹ̀kínní, ẹ má dá ẹjọ́ kankan. Ibi tí Bàbá wa ti ṣìnà nìyẹn, ẹnu ò tíì gbára dì, ẹni tí ò retí kíkan tó bá kan kíkan, kíkan nìkan ló máa rí. Ẹ jẹ́ kó fọ ẹnu yín, ẹ gbé e mì, ẹ sinmi.

Ẹnu ẹlẹ́ẹ̀kejì niṣẹ́ wà. Ẹ mu ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun kan, ẹ mú un dúró lẹ́nu, ẹ ka ení, èjì, títí dé àárùn-ún, kó yí gbogbo ahọ́n ká, kó dé èrìgì, kó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní iwájú ahọ́n nìkan ló ń mọ adùn, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń mọ kíkan, gbogbo ahọ́n ló ń mọ méjèèjì. Ẹ wá fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé láàárín eyín bí ẹni tí ata ń ta, ó lè dún, kò burú, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé òórùn gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sínú imú. Ẹ máa ṣọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Dídùn ni, gbogbo ìgbà ni, á tẹ́ ẹní sílẹ̀ fẹ̀ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé e lọ, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, nítorí láàárín ìgbà tẹ́ ẹ bá ka ẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀ẹ̀rin, kíkan á yọ láti àárín adùn yẹn, á ká ẹní náà nílẹ̀. Ẹ gbé e mì, tàbí kí ẹni tó máa wakọ̀ tu tiẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn tó ń fi títọ́ wáìnì ṣiṣẹ́ jẹ ń tu ú lójoojúmọ́. Ẹ tẹ orí ba bẹ́ ẹ ṣe ṣe pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ wo itọ́.

Ohun tí mò ń bi ara mi nígbà yẹn ò pọ̀. Lẹ́yìn tí mo gbé e mì, ṣé ẹnu mi mọ́ àbí ó lẹ̀? Tó bá mọ́ bí ẹni tó fi omi tútù yọ́nu, tí itọ́ ń sun, tí ọwọ́ fẹ́ padà sí gíláàsì, wáìnì yẹn dáa, bó ti wù kí ṣúgà inú ẹ̀ pọ̀ tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí omi ṣúgà, kíkan inú ẹ̀ ò tó, orúkọ ńlá ara ìgò ò lè gbà á sílẹ̀. Tó bá jẹ́ kíkan nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń gún èrìgì, ṣúgà ẹ̀ ló kéré tàbí ó ti tutù jù, torí òtútù máa ń bo adùn mọ́lẹ̀. Mo tún máa ń wo bí adùn ẹ̀ ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn gbígbémì, èyí tó dáa gan mo ti ka ogún kí n tó pàdánù ẹ̀, tó ti yí láti oyin sí èèpo ọsàn.

Nínú lítà kan Spätlese dídùn, ṣúgà lè wà láti bíi gíráàmù 50 títí dé 100, ásíìdì bíi gíráàmù 7 sí 9. Ẹ fi wé mínírà wa tí ṣúgà ẹ̀ máa ń tó bíi 100 nínú lítà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan kọ́ ló mú ọ̀kan sú èèyàn tí èkejì ò súni. Nítorí ṣúgà yẹn náà, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kó jọ̀ọ́ jìnnà sí i, kí ìyá olóyún náà fi sílẹ̀ torí ọtí inú ẹ̀.

Ìdánwò kan kù tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ìlàjì gíláàsì yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì fún ìdajì wákàtí, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣúgà á máa jáde síta. Wáìnì tí kíkan ẹ̀ ò lágbára á dà bí omi ṣúgà tí wọ́n gbàgbé sójú oòrùn. Èyí tó dúró ire, tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò nígbà yẹn, á ṣì máa ta lẹ́nu, ẹ óò sì rí òórùn tí òtútù ti fi pa mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ká wá sórí oúnjẹ, torí àwa kì í mutí lásán. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rú: ohun tẹ́ ẹ bá fi mu ún ò gbọ́dọ̀ dùn jù ú lọ. Kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n fi áísìn bò yẹn á fa gbogbo dídùn inú ẹ̀ gbẹ lẹ́nu yín, kíkan nìkan á kù, ẹ ó ní mo pa irọ́. Ata ló yẹ ẹ́. Ṣúgà máa ń rọ ata lójú, ọtí inú ẹ̀ ò sì le débi tí á fi kún iná, kíkan á gé epo kúrò lẹ́nu. Asun, súyà, ẹja yíyan, ọ̀jọ̀jọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú epo bọ̀, gbogbo wọn bá a mu. Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìkọ́kọrẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti Ojúde Ọba yẹn, Àǹtí mi tún gbé irú ìgò kan náà wá, mo ní ká má bù ú fún ẹnikẹ́ni títí oúnjẹ á fi délẹ̀. Màmá wa ti se ìkọ́kọrẹ́, ewùrà yẹn ti ki, ó ní kókó rọ̀bọ̀tọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ nínú, epo pupa ti yọ sórí, ẹja gbígbẹ àti edé kún un, ata ẹ̀ ò kéré, ẹ̀bà tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Bàbá jẹ tó òkèlè mẹ́rin, mo bu wáìnì fún wọn, díẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má tíì gbé e mì, ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́nu díẹ̀." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e mì, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo inú gíláàsì, wọ́n tún bu òkèlè, wọ́n tún mu. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ó ń fọ epo kúrò lẹ́nu mi." Mi ò rí ẹni tó ṣàlàyé ásíìdì dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nípa rírà: ẹ má ra ìgò tó ń jókòó sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, oòrùn ti ń pa á bọ̀ ta ló mọ̀ látìgbà wo, nígbà tí mo délé mo rí i pé kọ́ọ̀kì ti yọ sókè díẹ̀, wáìnì ti pọ́n bíi tíì, òórùn ẹ̀ dà bí ìbẹ́pẹ tí wọ́n sè, mo gbé e padà wọn ò gbà á. Àtìgbà yẹn mo máa ń fi ọwọ́ kan ìgò kí n tó sanwó, tó bá gbóná, mò ń lọ nìyẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n mú tèmi láti inú páálí tó wà lẹ́yìn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e padà, ẹ gbé e sínú fíríjì. Ṣúgà, kíkan àti òtútù á bá yín tọ́jú ẹ̀, á tó bí ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo máa ń lẹ bébà mọ́ ara ìgò, mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo ṣí i síbẹ̀, lálaalẹ́ mo máa ń bu ẹnu kan wò, ọjọ́ kẹta ló sì sábà máa ń dùn mọ́ mi jù, torí ìgbà yẹn ni òórùn oyin ẹ̀ máa ń ṣí. Èyí tẹ́ ò bá tíì ṣí, tó bá jẹ́ Spätlese tàbí Auslese gidi, ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn tí ooru ò ti pọ̀, ìsàlẹ̀ fíríjì tí iná bá ń dúró lọ́dọ̀ yín, ó lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí mi fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, ó wà nísàlẹ̀ fíríjì Màmá lábẹ́ àpò ẹ̀fọ́, mo ti sọ fún àwọn ọmọ ilé pé ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin bá ṣègbéyàwó ni màá tó ṣí i.